Owó Tó Ń Wo Onífọ́tò Lójú

Ní ọdún 1839, ohun méjì ṣẹlẹ̀ ní Yúróòpù tí kò sí ẹni tó mọ̀ nígbà náà pé wọn yóò máa fa wàhálà fún ara wọn títí di òní. Ní Lọ́ńdọ̀nù, William Wyon, ẹni tó ń fín àwòrán owó ní Royal Mint, níbi tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń rọ owó, ṣe owó wúrà olówó pọ́ùn márùn-ún kan: Ọbabìnrin Fikitóríà ló wà lára rẹ̀ tó ń da kìnnìún lọ. 1839 ni wọ́n kọ sára owó náà. Ní Párísì, ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ ọdún kan náà, wọ́n tú ọgbọ́n tí Louis Daguerre fi ń ya fọ́tò síta fún gbogbo ayé. Owó tó dùn ún wò, àti ẹ̀rọ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó wo nǹkan lọ. Ẹ ò rí i pé ó yẹ kí wọ́n mọwọ́ ara wọn? Rárá o.

Irú owó Wyon yìí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní proof. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé owó tí kò ní àbùkù ni ìtumọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà rọ ọ́ ni orúkọ náà ń sọ. Owó tí à ń ná lọ́jà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òǹtẹ̀ irin ń gbá a, á sì já sórí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí ẹ̀kùrọ́ tó ń já sínú agbọ̀n. Ti proof kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n á dán òǹtẹ̀ náà, wọ́n á dán irin roboto tí wọ́n fẹ́ tẹ̀, wọ́n á gbá a ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, wọ́n á wá gbé e kúrò jẹ́jẹ́ bí ẹyin. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ ojú owó náà á di díńgí. Ní ti orí ọba tàbí igi tó yọ sókè lára rẹ̀, wọ́n sábà máa ń jẹ́ kó ṣú díẹ̀, bí gíláàsì tí a mí èémí sí.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Díńgí kò ní àwọ̀ tirẹ̀. Ohun tó wà níwájú rẹ̀ ló ń fi hàn wá. Ẹ gbé kámẹ́rà sókè owó proof, kámẹ́rà yẹn gan-an lẹ ó rí nínú rẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ yín, pẹ̀lú òrùlé ilé. Ẹni tí a ní kó wá jókòó kí a yà á ní fọ́tò, òun náà ló tún ń yà wá! Ó sì pani lẹ́rìn-ín pé fọ́tò Daguerre fúnra rẹ̀ ní àrùn kan náà. Orí bàbà pẹlẹbẹ tí a fi fàdákà bò, tí a dán bí díńgí, ló ń ya àwòrán sí. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó gbọ́dọ̀ yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún títí ohun dúdú kan yóò fi bọ́ síwájú rẹ̀, kí àwòrán tó yọ.

Fún ìgbà pípẹ́, ńṣe ni wọ́n ń sá fún dídán owó. British Museum bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé àkójọ owó àtijọ́ àwọn Gíríìkì ní 1873, nígbà tí wọ́n sì wá ń fi fọ́tò sínú ìdìpọ̀ rẹ̀, owó gan-an kọ́ ni wọ́n ń yà. Wọ́n á fi pílásítà, nǹkan funfun tí àwọn dókítà fi ń di ẹsẹ̀ tó ṣẹ́, mú àwòrán ara owó náà, pílásítà yẹn ni wọ́n á wá yà. Pílásítà kì í dán, àwọ̀ rẹ̀ kan náà ni, gbogbo ìlà ara owó á sì hàn kedere. Mi ò bá wọn jà, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe wúlò gan-an. Ṣùgbọ́n wúrà, fàdákà àti bàbà di ọ̀kan náà lójú ìwé.

Royal Mint tún ṣe èyí tó yà mí lẹ́nu jù. Nígbà tí George Kẹfà gbadé ní 1937, àti nígbà tí Elizabeth Kejì gbadé ní 1953, wọ́n fọ́n iyanrìn sójú òǹtẹ̀ kan kí owó tó bá ti ara rẹ̀ jáde má baà dán. Ìwọ̀nba díẹ̀ báyìí ni wọ́n ṣe, torí kámẹ́rà nìkan ni. Owó tí wọ́n ń ṣe kí ojú lè gbádùn rẹ̀, wọ́n wá bu èyí tó ṣú nínú rẹ̀ fún fọ́tò. Ohun tí aráyé rí nínú fọ́tò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe owó tó wà nínú àpótí olówó.

Àwọn tí kò sá ni wọ́n kọ́ ọgbọ́n iná. Ẹ wò ó báyìí: bí ẹ bá ju bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri láti apá ọ̀tún, apá òsì ni yóò ta sí, ní irú ìdàgẹ̀rẹ̀ kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń ṣe lórí díńgí. Lórí ibi tó ṣú, ńṣe ló ń fọ́n ká bí àgbàdo tó dà sórí àpáta, díẹ̀ nínú rẹ̀ kò sì ní ṣàì dé ojú kámẹ́rà. Nítorí náà, ẹ tẹ́ owó sílẹ̀, ẹ gbé kámẹ́rà dúró ṣánṣán lókè rẹ̀, ẹ fi aṣọ dúdú bo ara kámẹ́rà, kí ẹ wá gbé iná sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìmọ́lẹ̀ tó kan díńgí á gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ owó á dúdú bí kóró iṣin, orí ọba á sì funfun láàárín rẹ̀.

Bí ẹ bá sì fẹ́ kí díńgí náà mọ́lẹ̀, ohun funfun ni kí ẹ fún un wò. Páálí funfun tí a lu ihò sí fún ojú kámẹ́rà lè ṣe é, àmọ́ ihò yẹn náà á hàn láàárín owó bí ojú ẹni tó ń yọjú lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá ní kí ẹ gbé owó dàgẹ̀rẹ̀ kí ihò náà má hàn, owó tó rí roboto á gùn bí ẹyin, apá kan rẹ̀ á sì ṣe bàìbàì. Gíláàsì fèrèsé lásán ló yanjú rẹ̀. Wọ́n á dá a dúró ní ìdàgẹ̀rẹ̀ 45 láàárín owó àti kámẹ́rà, iná á wá láti ẹ̀gbẹ́, gíláàsì á dá díẹ̀ nínú rẹ̀ sísàlẹ̀ sórí owó, owó á dá a padà sókè, ó di inú kámẹ́rà. Nígbà yìí, pẹ̀tẹ́lẹ̀ á funfun, orí ọba á wá ṣú. Owó kan náà, ọjọ́ kan náà, fọ́tò méjì tí ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ búra pé ìyá kan kò bí wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù keje 1959, tí orílẹ̀-èdè wa sì ní owó tirẹ̀ dípò ti àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, wọ́n ṣe díẹ̀ nínú owó 1959 náà ní proof. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tún ṣe nígbà tí náírà dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973, kọ́bọ̀ márùn-ún olówó kòkó, kọ́bọ̀ mẹ́wàá olówó ọ̀pẹ. Èyí tó pọ̀ jù nínú wa kò ní fọwọ́ kan ọ̀kan nínú wọn láé. Fọ́tò la ó rí, fọ́tò náà sì ni ẹlòmíràn yóò wò tí yóò fi kó owó gidi sílẹ̀ rà á.

Ẹni tó bá sì fi aṣọ nu owó díńgí, bó ti wù kí aṣọ náà múlọ́ tó, ó ti họ ọ́. Ìlà tín-tìn-tín bẹ́ẹ̀ kì í hàn àfi bí ìmọ́lẹ̀ bá dábùú rẹ̀. Ẹni tó ń tà mọ èyí, ó sì lè gbé iná sí ibi tí ìlà kankan kò ní yọjú. Kò fọwọ́ kan fọ́tò náà, kò kun nǹkan kan sí i, síbẹ̀ ó ti rẹ́ni jẹ. Ẹni tó bá fẹ́ rà, kó ní kí wọ́n yí owó náà, kí wọ́n tún un yà, kí wọ́n tún un yí.

Kọ́bọ̀ 1959 ló tún wá le jù láti yà, èyí tí wọ́n lu láàárín, tí ìràwọ̀ yí ihò náà ká. Ohun tí ẹ bá tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ á yọjú láti inú ihò. Bí ẹ bá tẹ́ aṣọ dúdú tí iná sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, pẹ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀ á dúdú, ihò náà á dúdú, ẹ ò sì ní mọ ibi tí kọ́bọ̀ parí sí tí ihò ti bẹ̀rẹ̀. Páálí aláwọ̀ eérú ló bá a lára mu.