Táyà Tí Ó Sọ Pátákó Di Ohun Ìrìnnà
Kí àwọn ọdún 1970 tó dé, ta ni yóò gun skateboard, pátákó onítáyà mẹ́rin nì, lọ sí ibi iṣẹ́ láìkọminú? Amọ̀ àpòpọ̀ ni táyà rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Bí òkúta wẹ́wẹ́ bá dínà fún un, yóò dúró gbagidi, ẹni tí ó gùn ún yóò sì dojú bolẹ̀. Abájọ tí àwọn ìlú kan fi fòfin dè é ní 1965.

Frank Nasworthy ni ó mú táyà urethane wọ ọjà lẹ́yìn náà. Ó ń di ọ̀dà mú, ó ń gun òkúta kọjá, kò sì béèrè epo. Síbẹ̀, ní 1978, ìjọba Norway fòfin de títà àti gígùn rẹ̀, àṣejù gbáà lójú tèmi. Inú igbó ni àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ti ń gùn ún ní ìkọ̀kọ̀, títí òfin náà fi kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1989.