Àpò Àjọni àti Ọwọ́ Ààrẹ: Ẹjọ́ Owó Ìjọba Ìbílẹ̀ Èkó Ọdún 2004

Ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 ya àpò méjì sọ́tọ̀ fún owó ìjọba, ẹni tí kò bá sì mọ ìyàtọ̀ tó wà láàrin wọn kò lè lóye ìjà owó tó wáyé láàrin Ààrẹ Olusegun Obasanjo àti Gómìnà Bola Tinubu ti Ìpínlẹ̀ Èkó ní ọdún 2004. Àpò kìíní jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀, abala 80 sì sọ pé ẹnikẹ́ni, títí kan ààrẹ, kò gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé òfin ti fọwọ́ sí i. Àpò kejì, tí abala 162 dá sílẹ̀, ni àpò àjọni, ibi tí owó epo rọ̀bì, owó orí àwọn ilé-iṣẹ́ àti owó ẹnubodè ń wọ̀, kí wọ́n tó pín in láàrin ìjọba àpapọ̀, àwọn ìpínlẹ̀ 36 àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ló ń tọ́jú àpò kejì yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ni gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ipò rẹ̀ dà bí ti alájọ tó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà lójoojúmọ́, tí gbogbo ọjà mọ̀ pé ìwọ̀nba iye tó kàn án nìkan ni tirẹ̀, tí kò sì lè torí pé inú ń bí i sí oníbàárà kan kó ní òun kò ní san àjọ onítọ̀hún fún un.

Àṣà pé kí ẹni tó wà lókè máa pàṣẹ lórí àpò àjọni ti pẹ́ ju ìwé òfin yìí lọ. Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira ní ọdún 1960, ẹkùn tí wọ́n bá ti wa ohun àlùmọ́nì ló ń gba ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìṣákọ́lẹ̀ tó bá tibẹ̀ jáde, àwọn ẹkùn náà ló sì ń bójú tó owó kòkó, ẹ̀pà àti epo pupa tiwọn, tó fi jẹ́ pé ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Èkó kò ní ọ̀nà púpọ̀ láti fi owó fún ìjọba Ìbàdàn, Enugu tàbí Kàdúná lọ́rùn. Ìgbà tí àwọn ológun gbàjọba ní ọdún 1966 ni nǹkan yí padà, nítorí òfin ológun kò nílò ìbò aṣòfin kankan: ìwé kan láti ọ̀dọ̀ olórí ìjọba ti tó láti sọ iye tí ìpínlẹ̀ yóò gbà. Obasanjo fúnra rẹ̀ ti ṣe olórí ìjọba ológun láti ọdún 1976 sí 1979, ó sì yẹ kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí kò rọrùn fún ẹni tó ti fi àṣẹ ṣèjọba rí láti gbà pé lẹ́tà òun kì í ṣe òfin mọ́.

Kò pẹ́ tí àwọn alágbádá padà dé tí ìpínlẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dán ààlà agbára yìí wò ní kóòtù. Ní ọdún 1981, Gómìnà Ambrose Alli ti Ìpínlẹ̀ Bendel, ọmọ ẹgbẹ́ UPN tí Obafemi Awolowo jẹ́ olórí rẹ̀, gbé ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari lọ sí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ lórí òfin pípín owó tí ààrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ buwọ́ lù. Ẹ̀sùn Bendel kò ṣòro láti lóye rárá: ẹ̀dà òfin náà tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà gbà yàtọ̀ sí èyí tí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin gbà, ìgbìmọ̀ kéékèèké kan láti inú ilé méjèèjì ló yanjú ìyàtọ̀ náà, wọ́n sì gbé e lọ fún ààrẹ láìjẹ́ kí ilé méjèèjì tún dìbò lé e lórí. Ilé-ẹjọ́ náà, tí Adájọ́ Àgbà Atanda Fatai-Williams jẹ́ olórí rẹ̀, fagi lé òfin yìí pátápátá, ìjọba sì ní láti ṣe òmíràn. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn pé ìbuwọ́lù ààrẹ kò lè sọ ohun tí kò gba ọ̀nà òfin di òfin.

Ẹjọ́ ọdún 2002 gbòòrò ju èyí lọ. Ìjọba àpapọ̀ ló pe gbogbo ìpínlẹ̀ 36 lẹ́jọ́, torí ó fẹ́ mọ ibi tí ààlà àwọn ìpínlẹ̀ etíkun parí sí lójú òkun, kí ó lè mọ epo tí ó gbọdọ̀ san ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún lé lórí fún ìpínlẹ̀ tí epo náà ti jáde. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin, Adájọ́ Michael Ogundare ka ìdájọ́ tó dun àwọn ará etíkun, Èkó, Ògùn àti Òndó sì wà lára wọn: ibi tí omi òkun bá fà sẹ́yìn dé ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ parí sí. Ṣùgbọ́n àwọn ìpínlẹ̀ kan ti fi ẹ̀sùn tiwọn náà kún ẹjọ́, apá yìí ni ilé-ẹjọ́ sì ti sọ pé kò bófin mu kí ìjọba àpapọ̀ máa bu owó lórí àpò àjọni kí wọ́n tó pín in, ìbáà jẹ́ láti fi san gbèsè òkèèrè, láti fi ṣe òwò epo ti NNPC, tàbí láti fi tọ́jú Abuja. Ohun tó tẹ̀lé ìdájọ́ yìí ṣe pàtàkì. Nínú ètò ìpín àtijọ́, ìjọba àpapọ̀ ní ìdá 48.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ìdá 7.5 sì wà fún àwọn àkànṣe owó tí ìdájọ́ náà gbá dànù. Ààrẹ Obasanjo wá lo agbára tí ìwé òfin fún un láti tún òfin àtijọ́ ṣe, ó kó ìdá 7.5 náà kún tirẹ̀, ìpín ìjọba àpapọ̀ sì di 56. Ariwo àwọn ìpínlẹ̀ ló jẹ́ kí ó dínkù lẹ́ẹ̀mejì, títí ó fi dúró sí 52.68, tí ìpínlẹ̀ ń gba 26.72, tí ìjọba ìbílẹ̀ sì ń gba 20.60.

Ìdá 20.60 yìí ni ìjà Èkó dá lé. Ìwé òfin ka ìjọba ìbílẹ̀ 20 fún Èkó lórúkọ, iye kan náà ni wọ́n sì ń fi pín owó fún un ní ìpàdé oṣooṣù tí kọmíṣánnà ètò ìṣúná gbogbo ìpínlẹ̀ máa ń lọ. Ìjọba Tinubu rí i pé èrò Èkó ti pọ̀ kọjá iye yìí, ó dá 37 sí i sílẹ̀ nípa òfin ìpínlẹ̀ ti ọdún 2002, gbogbo rẹ̀ di 57, wọ́n sì dìbò sí wọn ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 2004. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin, Ààrẹ Obasanjo kọ lẹ́tà sí mínísítà fún ètò ìṣúná, Ngozi Okonjo-Iweala, pé kó gbẹ́sẹ̀ lé owó ìjọba ìbílẹ̀ ti Ìpínlẹ̀ Èkó, Ebonyi, Katsina, Nasarawa àti Niger, nítorí pé wọ́n dá ìjọba ìbílẹ̀ tí ìwé òfin kò mọ̀ sílẹ̀. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni. Kò sí òfin aṣòfin lẹ́yìn rẹ̀, kò sí àṣẹ kóòtù, bẹ́ẹ̀ owó tí wọ́n fi ń san oṣù olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti òṣìṣẹ́ káńsù wà lára ohun tó dí.

Yemi Osinbajo, tó jẹ́ agbẹjọ́rò àgbà fún Ìpínlẹ̀ Èkó nígbà náà, gbé ọ̀rọ̀ náà lọ tààrà sí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ, nítorí ibẹ̀ ni ìwé òfin ní kí ìpínlẹ̀ àti ìjọba àpapọ̀ ti kọ́kọ́ máa bá ara wọn ṣẹjọ́. Ìbéèrè rẹ̀ kò gùn: ọ̀rọ̀ wo nínú ìwé òfin ló fún ààrẹ ní agbára láti dá owó yìí dúró? Ní ọjọ́ 10 oṣù kejìlá ọdún 2004, Adájọ́ Àgbà Muhammadu Uwais dáhùn pé kò sí. Ó ní bí ààrẹ bá rò pé Èkó ti tẹ ìwé òfin lójú, kóòtù ló yẹ kó gbà lọ, kì í ṣe kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ̀san. Owó tó tọ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ 20 tí ìwé òfin mọ̀ kò ṣeé dá dúró fún ìgbà kankan. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ kan náà sọ pé àwọn 37 tuntun kò tíì pé. Èkó lágbára láti bẹ̀rẹ̀ dídá wọn sílẹ̀, àmọ́ abala 8 béèrè pé kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ ṣe òfin tí yóò fi orúkọ wọn kún ìwé òfin, títí tí èyí yóò fi ṣẹlẹ̀, bí oyún tí oṣù rẹ̀ kò tíì pé ni wọ́n rí.

Apá méjèèjì ìdájọ́ yìí tọ̀nà, ìbànújẹ́ ibẹ̀ sì ni pé olúkúlùkù di apá tó wù ú mú. Abuja tẹnu mọ́ ọn pé àfi kí Èkó kọ́kọ́ padà sí 20. Èkó tẹnu mọ́ ọn pé owó 20 kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ọ̀rọ̀ 37. Ní ti òfin, Èkó ló jàre, nítorí ìdájọ́ náà kò so owó mọ́ àdéhùn kankan, abala 287 sì sọ pé gbogbo aláṣẹ nílẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ mú ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ṣẹ. Ṣùgbọ́n kóòtù kò ní kọ́kọ́rọ́ àpò lọ́wọ́, kò sì ní ọmọ ogun. Ní ọdún 2005 Èkó pa orúkọ àwọn 37 dà, ó pè wọ́n ní ìjọba ìbílẹ̀ onídàgbàsókè, ẹ̀ka tí ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ ń bọ́. Síbẹ̀ owó náà kò pé títí Obasanjo fi gbé ipò sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2007. Ààrẹ Umaru Yar'Adua, tó ti jẹ́ gómìnà Katsina nígbà tí lẹ́tà ọdún 2004 kan ìpínlẹ̀ tirẹ̀ náà, ló ní kí wọ́n san ìyókù. Ní gbogbo àsìkò yẹn, owó orí tí Èkó ń gbà lọ́wọ́ àwọn ará ìlú ni ó fi ń gbé ara rẹ̀ dúró.

Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ kan náà tún padà sí abala 162 nínú ẹjọ́ tí ìjọba àpapọ̀, lábẹ́ Tinubu tó ti di ààrẹ, pe àwọn ìpínlẹ̀ 36. Adájọ́ Emmanuel Agim kà á pé àwọn gómìnà kò gbọdọ̀ di owó ìjọba ìbílẹ̀ mú, àti pé wọ́n lè san án tààrà fún àwọn tó ni ín láìgba ọwọ́ ìpínlẹ̀. Ìyẹn ni pé gómìnà náà kò lè ṣe ohun tí wọ́n ti sọ ní ọdún 2004 pé ààrẹ kò lè ṣe. Àmọ́ iye ìjọba ìbílẹ̀ tí ìwé òfin kà fún Èkó kò tíì kúrò ní 20. Yaba, Bariga, Ojodu, Isolo àti ìyókù àwọn 37 ní alága, wọ́n ní ọ́fíìsì, wọ́n sì ń dìbò, ṣùgbọ́n òfin tí abala 8 ní kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ ṣe lórí wọn kò tíì jáde.