Ashe àti Okker ní Ellis Park, 1973: Ohun tí Àkọsílẹ̀ Eré Kò Sọ

Bí a bá wo àkọsílẹ̀ ìdíje tẹ́níìsì Gúúsù Áfíríkà ti ọdún 1973, ìlà kan ṣoṣo ni a ó bá nípa ìdíje ọkùnrin méjì-méjì: Arthur Ashe àti Tom Okker borí Lew Hoad àti Bob Maud. Ìlà náà kò purọ́, ṣùgbọ́n kò pìtàn. Ìtàn náà ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò.

Ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ni Ashe. Ní 1968, ó borí nínú ìdíje US Open. Okker, ọmọ ilẹ̀ Họ́láńdì, gan-an ni ó ṣẹ́gun nínú àṣekágbá. Ní 1969, ó tọrọ àṣẹ láti lọ díje ní Gúúsù Áfíríkà. Ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà kọ̀ fún un. Ó tún tọrọ, wọ́n tún kọ̀. Ọdún 1973 ni wọ́n tó gbà. Ashe ní kí wọ́n má ṣe fi àwọ̀ pín ìjókòó àwọn òǹwòran, ṣùgbọ́n wọn kò mú un ṣẹ tán.

Ní Ellis Park, Johannesburg, Jimmy Connors borí Ashe nínú àṣekágbá ìdíje ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nínú ìdíje méjì-méjì ni ó ti wá di ọkùnrin dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba ipò kìíní níbẹ̀. Èyí gba àròjinlẹ̀. Òfin ilẹ̀ náà kò gbà kí dúdú àti funfun gbé àdúgbò kan náà tàbí kí wọ́n fẹ́ ara wọn. Bẹ́ẹ̀, nínú eré yìí, ẹni tí ó dúró nídìí àwọ̀n gbọdọ̀ fọkàn tán ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́: òwe yìí ni àwọn méjèèjì fi ìṣe pa lójú ìjọba náà.

Ṣùgbọ́n pápá ìṣeré kan kì í ṣe orílẹ̀-èdè. Ní ọdún yẹn kan náà ni ìjọba fòfin de Don Mattera, akéwì. Òfin náà kò kúrò lọ́rùn rẹ̀ títí di 1982. Àwọn ènìyàn dúdú kan sọ fún Ashe pé ẹwà ni wíwá rẹ̀ ń bù kún ìjọba. Nígbà tí ó yá, òun náà gbà pé kí àwọn eléré má lọ síbẹ̀ mọ́. Ní 1983, òun àti Harry Belafonte dá ẹgbẹ́ òṣèré àti eléré ìdárayá tí ó tako ẹlẹ́yàmẹ̀yà sílẹ̀. Ní 1985, ọlọ́pàá mú un níbi ìfẹ̀hónúhàn níwájú ilé aṣojú Gúúsù Áfíríkà ní Washington.

Ǹjẹ́ asán ha ni ìṣẹ́gun 1973 bí? Rárá o. Mark Mathabane, ọmọ Alexandra, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, Kaffir Boy (1986), bí rírí Ashe ṣe la ojú rẹ̀ sí ohun tí ènìyàn dúdú lè dà. Ashe kú ní 1993, ọdún kan ṣáájú ìdìbò tí dúdú àti funfun jọ dì. Ìṣẹ́gun náà kò ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n. Ó fi hàn àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ pé ọwọ́ ènìyàn ni ó tì í. Ohun tí ọwọ́ ènìyàn sì tì, ọwọ́ ènìyàn lè ṣí i.