Kò gba físà, àmọ́ ó gba ìwé

  Ọ̀rọ̀ tá a fẹ́ sọ lónìí gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á, torí ó kan owó, ó sì kan ọmọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa, tí wọ́n bí níbí, tó kọ́ṣẹ́ níbí, wá bá wa nísọ̀ ní Sapele Road, níwájú ibi tá a máa ń to símẹ́ǹtì sí. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ bá mi dúpẹ́ sir, mo ń lọ sí Barbados." A bi í pé kí ló fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀. Ó ní òun fẹ́ lọ gbafẹ́ ni, òun fẹ́ lọ wo etíkun. Ojú ẹ̀ ò jọ tẹni tó fẹ́ lọ wo etíkun. Ó ní éjẹ́ǹtì kan sọ fóun pé ibẹ̀ ò gba físà lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà, pé téèyàn bá ṣáà ti débẹ̀, ó ti dé nìyẹn. Ó wá fa bébà kan yọ tí éjẹ́ǹtì kọ iye tó máa san sí. Owó ọ̀hún tó ra kẹ̀kẹ́ Márúwá. Nígbà tá a wò ó dáadáa, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni "owó físà."

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ o. Ibi tí kò gba físà, wọ́n ń gbowó físà ẹ̀!

A ò bínú sọ́mọ náà. Bìní tá a wà yìí, kò sí àdúgbò tí wọn ò ti mọ ẹnì kan tó fẹ́ lọ tàbí tó ti lọ. A ní kó jókòó, a ra mínírà fún un, a sì sọ ìtàn fún un. Ìtàn yẹn la fẹ́ kọ síbí, torí òun nìkan kọ́ ló ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Kí òyìnbó tó dé, àwọn ìlú ńlá wa ní odi, odi ní ibodè, ibodè sì ní oníbodè. Oníṣòwò tó bá fẹ́ wọlé, oníbodè á wo ẹrù rẹ̀, á bi í pé níbo ló ti ń bọ̀ àti pé ọ̀dọ̀ ta ló fẹ́ dé sí, á sì gbowó ẹyọ lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn Bìní tá a jọ ń gbé náà gbẹ́ yàrà yí ìlú wọn ká, a ṣì ń rí i títí dòní. Ẹ tún ìbéèrè yẹn gbé yẹ̀ wò: níbo lo ti ń bọ̀, ọ̀dọ̀ ta lo fẹ́ dé sí, kí lo gbé dání? Bí wọ́n ṣe ń bi àwọn baba wa nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń bi wá ní pápákọ̀ òfurufú lónìí. Aṣọ oníbodè ló yàtọ̀.

Erékùṣù Caribbean tí ọmọ yìí fẹ́ lọ, àwọn èèyàn wa ti débẹ̀ ṣáájú wa, àmọ́ wọn ò lọ gbafẹ́. Wọ́n kó wọn lẹ́rú lọ sí Kúbà, wọ́n sì ń pè wọ́n ní Lukumí níbẹ̀. Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú lọ́dún 1807, ọkọ̀ ogun wọn ń gba àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n ń kó wọn lọ sí Sàró. Láti ọdún 1841, wọ́n tún ń kó lára àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ yìí lọ ṣiṣẹ́ ní Trinidad àti Jàmáíkà àtàwọn erékùṣù míì, Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn. Ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí orúkọ Ṣàngó àti Ògún ṣì wà lẹ́nu wọn ní Trinidad. Nígbà tí Ọọ̀ni Okùnadé Ṣíjúwadé lọ sí Kúbà lọ́dún 1987, àwọn ọmọ ẹrú ìgbà náà ló jáde wá pàdé ọba wọn. Kò sẹ́ni tó bi àwọn baba wọn ní pásípọ́ọ̀tù. Ẹni tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ mú wọlé, wọn kì í bi í níwèé.

Àmọ́ ibi tí ìtàn náà ti dùn wá jù ni Gánà.

Ẹ̀yin ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin, Èjìgbò, Ìnísà àti Ṣakí, ẹ mọ̀ ju tiwa lọ. Látìgbà tí wọ́n ṣì ń pè é ní Gold Coast làwọn bàbá yín ti ń lọ. Wọ́n wà ní Ákírà, wọ́n wà ní Kùmásí, wọ́n wọ inú lọ dé Támálè. Aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀, abọ́, ọṣẹ, kò sí ohun tí wọn ò tà. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń pè wọ́n ní Alata. Wọ́n kọ́lé, wọ́n bímọ, àwọn ọmọ ọ̀hún ń sọ èdè Twi bí ẹni tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni bàbá bàbá wọn ti wá. Kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n níwèé, torí abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni Gánà wà, abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì náà ni Nàìjíríà wà. Ẹni tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Kùmásí dà bí ẹni tó ti yàrá kan bọ́ sí yàrá kejì nínú ilé onílé kan ṣoṣo.

Gánà gbòmìnira lọ́jọ́ 6 March 1957. Nàìjíríà gbà á lọ́jọ́ 1 October 1960. Ilé onílé di méjì. Alata tó wà nísọ̀ rẹ̀ ní Kùmásí ò kúrò lórí àga, ọjà tó ń tà ò yí padà, àwọn oníbàárà ẹ̀ ò yí padà, àmọ́ lójú òfin ó ti di àlejò. Ọ̀pọ̀ ò tilẹ̀ mọ̀. Àwọn tó mọ̀ ní kò sí wàhálà, ṣebí kò sẹ́ni tó bi àwọn.

Lọ́jọ́ 18 November 1969, ìjọba Busia kéde pé àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú, kó lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kó fi Gánà sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì o! Ẹni tó ti lo ọgbọ̀n ọdún.

Bàbá kan wà tó máa ń jókòó lọ́dọ̀ wa ní Sapele Road nígbà tá a ṣì ń kọ́ṣẹ́ ọjà, Ọlọ́run ti pè wọ́n báyìí. Kùmásí ni wọ́n ti ń bọ̀. Wọ́n sọ fún wa pé lọ́jọ́ tí àwọn gbọ́ ìkéde náà lórí rédíò, ẹ̀rù ò ba àwọn, torí agolo bisikíìtì kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn tó kún fún rìsíìtì owó orí. Ọdọọdún ni wọ́n ń san án, wọn ò jẹ ìjọba ní kọ́bọ̀. Wọ́n gbé agolo náà, wọ́n lọ bá àwọn ọlọ́pàá. Wọ́n ní, "Bàbá, ìwé yìí dáa, àmọ́ òun kọ́ là ń béèrè." Àwọn tó jẹ wọ́n lówó ọjà kò yọjú mọ́, wọ́n ń ka ọjọ́ ni. Ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta ni wọ́n tà lówó ọ̀kan. Ohun tí wọ́n bá wọ Nàìjíríà ni ìyàwó, ọmọ mẹ́rin, àti agolo yẹn. Nígbà míì, wọ́n á ní ká bá àwọn gbé e wá, wọ́n á kó rìsíìtì jáde, wọ́n á tún un tò, wọ́n á dé e padà.

A kì í fi bàbá yẹn ṣẹlẹ́yà. Ẹni tí wọn ò bi níwèé fún ọgbọ̀n ọdún, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé òun ò ní ìwé?

Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni ECOWAS dé. Ìlú Èkó ni wọ́n ti fọwọ́ sí i lọ́jọ́ 28 May 1975; Gowon tiwa àti Eyadéma ti Tógò ló ṣe wàhálà ẹ̀ jù. Ní Dakar, lọ́jọ́ 29 May 1979, wọ́n wá fẹnu kò pé ọmọ orílẹ̀-èdè tó wà nínú ẹgbẹ́ náà lè wọ òmíràn láìgba físà, kó sì lo àádọ́rùn-ún ọjọ́. Gbogbo ayé ló gbọ́ "láìgba físà." Ìlà tó kù nínú ìwé kan náà, etí ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ọ: kéèyàn ní ìwé ìrìnnà tó dáa, kó ní ìwé àjẹsára, kó má sì kọjá àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba àṣẹ.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, àwa la di oníbodè. Lọ́jọ́ 17 January 1983, ìjọba Shagari, láti ẹnu mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, Alhaji Ali Baba, ní kí àlejò tí kò níwèé kó ẹrù ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì náà ni, bíi ti 1969. Wọ́n ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ wọn ti kọjá, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ò sì níwèé. Àwọn ará Gánà tó lọ lé ní mílíọ̀nù kan. Ọmọ iléèwé la wà nígbà yẹn. Tíṣà tó ń kọ́ wa ní ìṣirò jẹ́ ará Gánà. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan a dé kíláàsì, a ò bá a. Báàgì tí wọ́n fi kó ẹrù, ẹ ṣì ń pe orúkọ ẹ̀ ní Ghana Must Go, ó wà lọ́jà Santana níbí, ẹ̀rín la sì fi ń rà á.

Ẹnì kan lè ní ìwé tó wúwo jù, kó sì ṣàìní èyí tó fúyẹ́. Ní March 2012, àwọn ọmọ Nàìjíríà 125 dé Johannesburg ní South Africa pẹ̀lú físà lọ́wọ́, wọ́n dá wọn padà nítorí yẹ́lò káàdì. Ìjọba tiwa gbaná jẹ, àwa náà dá tiwọn padà, South Africa padà wá tọrọ àforíjì. Àmọ́ àforíjì ò dá owó tíkẹ́ẹ̀tì padà fún ẹnikẹ́ni. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú yìí, ó di ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn téèyàn gbà á kí ìwé ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, torí náà ẹ má lọ gbà á lọ́la ìrìn-àjò. Láti 2016 ni àjọ ìlera àgbáyé ti ní ẹ̀ẹ̀kan péré tó títí ayé, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbowó "rìnúwà" lọ́wọ́ yín.

Ẹ jẹ́ ká wá dé Barbados wàyí. Òótọ́ ni éjẹ́ǹtì yẹn sọ, ọmọ Nàìjíríà tó ń lọ gbafẹ́ kì í gba físà Barbados. Oníbodè ṣì wà níbẹ̀ ṣá. Yóò wo pásípọ́ọ̀tù, yóò béèrè yẹ́lò káàdì torí ilẹ̀ tí ibà pọ́njú wà la ti ń bọ̀. Yóò béèrè tíkẹ́ẹ̀tì tó o fi máa padà, hòtẹ́ẹ̀lì tàbí ilé tó o fẹ́ dé sí, àti owó tó o fẹ́ jẹ. Òun ló máa kọ iye ọjọ́ sínú pásípọ́ọ̀tù, ó sì lè ní kó o padà sínú bàálù. Ẹni tó bá wọlé bí arìnrìn-àjò afẹ́ kò láṣẹ láti ṣiṣẹ́.

Kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ oníbodè yẹn ńkọ́? Èyí ni éjẹ́ǹtì gbé pamọ́. Barbados ò gba físà, àmọ́ kò sí bàálù tó ń ti Èkó lọ síbẹ̀ tààrà déédéé. Ní December 2020, bàálù kan gbéra láti Èkó lọ tààrà sí Montego Bay ní Jàmáíkà, ariwo ta, torí kì í ṣe ohun tá à ń rí lójoojúmọ́. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń gbà ni London, Amẹ́ríkà tàbí Kánádà, àwọn yẹn sì ń gba físà ìkọjá lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà. Ilé tó ṣílẹ̀kùn fún ẹ, pálọ̀ ẹlòmíì lo máa gbà kó o tó débẹ̀, ẹlòmíì ọ̀hún sì ti tì í.

Ọmọ náà dákẹ́. Mínírà ọwọ́ ẹ̀ ti gbóná. Ó gbé fóònù, ó pe éjẹ́ǹtì lójú wa, ó ní kí ni "owó físà" tó wà nínú bébà yẹn. Ẹni yẹn ní àṣìṣe ọwọ́ ni, "owó ètò" lòun fẹ́ kọ. Ó bi í pé ibo ni bàálù máa gbà. Fóònù já. Ó tún un pè, kò wọlé mọ́.

Pásípọ́ọ̀tù ọmọ wa ṣì wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà, pẹ̀lú ìdajì owó tó ti san. Ọ́fíìsì ẹ̀ ò jìnnà sọ́dọ̀ wa. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè la máa bá ọmọ náà lọ síbẹ̀, àwa àgbà mẹ́ta. Ẹni tó bá ráyè kó bá wa kálọ, ká pàdé níwájú Santana láago mẹ́wàá àárọ̀. Ẹ má gbé igi dání o, ẹ̀rọ fóònù tẹ́ ẹ lè fi ya fọ́tò ti tó.