Ẹ Jẹ́ Kí Ògiri Lanu: Ìtàn Tó Yẹ Ká Mọ̀ Ká Tó Tún Dáwó

 

Gbogbo yín lẹ ti rí fọ́tò ògiri tó wó lẹ́bàá ọ̀nà iléèwé wa, tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp. Ògiri tí a fi owó tí a dá mọ, kó lè di ilẹ̀ òkè yẹn mú. Òjò mélòó kan péré, ó ti dojú bolẹ̀. Ọlọ́run ló yọ wá, ọjọ́ Sátidé ni, kò sí ọmọ iléèwé kankan níbẹ̀. Látìgbà náà, orí bíríkìlà la di gbogbo ẹ̀ lé. Wọ́n ní Bàbá jẹ owó sìmẹ́ǹtì.

Ẹ forí jì mí, òótọ́ ọ̀rọ̀ rèé. Bàbá fi ihò sílẹ̀ lára ògiri yẹn, wọ́n ki páìpù bọ̀ ọ́. Àwa ọ̀dọ́ la dí i. Èmi gan-an ni mo ní ká fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ojú rẹ̀ kó dán, torí omi pupa ń ṣàn sára ọ̀dà, ó ń ba orúkọ ẹgbẹ́ tí a kọ síbẹ̀ jẹ́. Nígbà tó wó, mo lọ bá Bàbá nílé. Wọn ò bá mi jà. Wọ́n kàn bi mí pé, "Ọmọ mi, ibo lẹ wá ní kí omi gbà?"

Ìbéèrè yẹn ló lé mi dé láíbìrì. Ohun tí mo bá níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Nàìjíríà níbí. Lórí àwọn òkè Mandara ní ìpínlẹ̀ Adamawa, nítòsí ààlà Kamẹrúùnù, ìlú kan wà tó ń jẹ́ Sukur. Hidi ni wọ́n ń pe ọba wọn, orí òkè sì ni ààfin rẹ̀ wà. Ẹ̀gbẹ́ òkè tó dà gẹ̀rẹ́ ni wọ́n ń dáko sí. Kí òjò má baà wọ́ ilẹ̀ oko lọ, wọ́n to òkúta ní ìpele-ìpele bí àtẹ̀gùn, wọ́n fi di iyẹ̀pẹ̀ mú. Òkúta lórí òkúta ni, kò sí sìmẹ́ǹtì. Ní 1999, àjọ UNESCO kọ Sukur mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé, òun sì ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo tí gbogbo wa mọ̀, 2005 ló tó wọlé.

Bẹ́ẹ̀ náà làwọn ará Konso ní gúúsù Etiópíà. Ògiri òkúta tiwọn ga tó mítà 5 níbòmíràn. Ó ti lé ní 400 ọdún tí bàbá ti ń kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ yìí, títí UNESCO fi kọ tiwọn náà sílẹ̀ ní 2011.

Ẹ óò ní, báwo ni òkúta tí kò ní sìmẹ́ǹtì ṣe dúró, tí búlọ́ọ̀kù tiwa wó? Àárín òkúta wọn ṣí sílẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, omi á rọra jò jáde, iyẹ̀pẹ̀ nìkan ni ògiri á máa dì mú. Tiwa ò rí ibi jò sí, omi wá kó jọ sẹ́yìn ògiri. Omi tó kún àpótí tó fẹ̀ ní mítà 1, tó gùn ní mítà 1, tó sì ga ní mítà 1, tọ́ọ̀nù 1 ni. Bí omi bá kún ẹ̀yìn ògiri dókè, agbára tó ń tì í lè di ìlọ́po méjì. Wọ́n máa ń ní bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò ní wọ ọ́. Ti ògiri yìí yàtọ̀: bí kò bá lanu, omi á wó o.

Àwọn òyìnbó náà kọ́ ọgbọ́n yìí lẹ́nu iṣẹ́ ni. Charles-Augustin Coulomb, ẹnjiníà ológun ilẹ̀ Faransé, dé erékùṣù Martinique ní 1764. Nǹkan bí ọdún 8 ló fi wà níbẹ̀ tó ń kọ́ odi ológun, àìsàn sì bá a fínra gan-an. Nígbà tó padà sílé, ó ka ìwé kan fún àwọn ọ̀mọ̀wé ní Paris ní 1773, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1776. Ó ṣàlàyé pé kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ẹ̀yìn ògiri ló ń tì í. Apá kan tó rí bí orí àáké ló máa ń fẹ́ yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Látinú ìyẹn lèèyàn ti lè ṣírò bí ògiri ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó kó tó mọ ọ́. Ìṣirò yẹn náà ló fi hàn pé bí a bá sọ gíga ògiri di ìlọ́po méjì, agbára tó ń tì í á di ìlọ́po mẹ́rin. Àwọn ẹnjiníà ṣì ń lò ó dòní.

Nítorí náà, kí a tó dáwó ní ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa béèrè nǹkan mẹ́rin. Ṣé ẹnjiníà ti ṣírò rẹ̀, tó sì ti yà á sórí ìwé? Ṣé ìpìlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, ṣé ó jìn? Ṣé òkúta wẹ́wẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, tí páìpù sì wà tí omi á gbà jáde? Ta ló máa ń kó ìdọ̀tí kúrò lẹ́nu páìpù àti nínú gọ́tà lọ́dọọdún? Ìkẹrin yẹn, àwa ọ̀dọ́ ti gbà á.

Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ sí Bàbá lórí gúrúùpù, orí gúrúùpù náà ni kẹ́ ẹ ti tọrọ àforíjì. Èmi ti bẹ̀rẹ̀. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ṣùgbọ́n Bàbá ò fi itọ́ mọ tiwọn. Àwa la pa á lẹ́nu dé.

Ìlú wa á dára o.