Ológò, Ìwọ̀fà àti Onígbọ̀wọ́: Bí Àwọn Ará Ìṣáájú Ṣe ń Bọ́ Nínú Gbèsè

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje. Òwe yìí ti wà lẹ́nu wọn kí báńkì kankan tó ṣí ilẹ̀kùn ní ilẹ̀ yìí, àní kí ẹnikẹ́ni tó ronú àtikọ orúkọ ajigbèsè sínú ẹ̀rọ, ó sì fi hàn gbangba pé ó ti pẹ́ tí Yorùbá ti mọ̀ pé owó tí a san tàbí tí a kò san lánàá ni yóò sọ bóyá a óò rí owó yá lọ́la. Nígbà tí ó ti wá di òde òní tí ìwé pọ̀ lórí bí a ṣe lè tún orúkọ tí gbèsè bà jẹ́ ṣe, ó yẹ kí a bojú wẹ̀yìn wo ọ̀nà tí àwọn baba wa ń gbà ṣe é. Nítorí ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn ni wọ́n ti ń jẹ gbèsè, ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn náà ni wọ́n sì ti ń san án, kò sì sí ẹni tí ó tún orúkọ rẹ̀ ṣe ní ìkọ̀kọ̀ rí.

Bí a bá ń wí ọ̀rọ̀ yìí ní Alájue, ní ìlú Ẹdẹ, ilé Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná, ibi tí ó yẹ kí a ti wí i gan-an ni a wà. Ìtàn sọ fún wa pé láyé Aláàfin Kòrí, nígbà tí àwọn Ìjẹ̀ṣà ń dá àwọn oníṣòwò Ọ̀yọ́ lọ́nà tí wọ́n sì ń jí wọn gbé, ni a rán Tìmì, akíkanjú ọdẹ, kí ó wá tẹ̀dó sí etí ààlà, kí ó máa ṣọ́ ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jẹ́ pé nítorí ààbò àwọn ọlọ́jà ni a ṣe dá ìlú Ẹdẹ sílẹ̀. Ibi tí ọjà bá sì wà, àwìn kò ní ṣàìsí níbẹ̀. Ẹni kan yóò gbé aṣọ tàbí iyọ̀ lọ, yóò ní kí a dúró di ọjọ́ ọjà tí ń bọ̀. Òjò yóò kọ̀ láti rọ̀ fún àgbẹ̀. Baba yóò kú láìròtẹ́lẹ̀, kò ní sí owó ìsìnkú. Ọ̀dọ́mọkùnrin yóò fẹ́ ìyàwó, ọwọ́ rẹ̀ kò ní tó owó ìdána. Owó ẹyọ ni wọ́n ń ná nígbà náà, ọ̀kẹ́ kan sì jẹ́ 20,000 ẹyọ, ẹrù tí ó tó ọkùnrin kan rù. Irú owó bẹ́ẹ̀ kò ṣeé yá bòókẹ́lẹ́, nítorí orí ni yóò gbé e kọjá lójú títì, gbogbo àdúgbò yóò sì mọ ilé tí ó ti jáde àti ilé tí ó wọ̀.

Ẹni tí ó fẹ́ yá owó kì í dá lọ bá olówó. Onígbọ̀wọ́ ni í ṣíwájú rẹ̀, ẹni tí ìlú mọ̀, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yẹ̀, tí yóò dúró níwájú olówó pé bí ọkùnrin yìí bá sá lọ, òun ni kí a mú. Bí olówó bá gbà, ẹni tí ó yá owó náà di ìwọ̀fà rẹ̀: iṣẹ́ tí ìwọ̀fà bá ṣe ni èlé, ojú owó yóò sì wà bí ó ti wà títí di ọjọ́ tí a bá kó o wá. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897, ṣùgbọ́n tí a kò tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, ṣe àlàyé àdéhùn náà kínníkínní. Ó ní ebè iṣu 100 ni ìwọ̀fà ní láti ro lóko olówó lọ́sẹ̀ kan, nígbà tí ó sì jẹ́ pé ebè 300 ni àgbẹ̀ tí ara rẹ̀ dá ṣáká ń ro lójúmọ́, ó ṣeé ṣe fún alágbára láti ṣiṣẹ́ fún olówó mẹ́ta lọ́jọ́ kan ṣoṣo, tàbí kí ó fi ọjọ́ kan ṣe iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ó sì padà sí ìdí oko tirẹ̀.

Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Ilé ara rẹ̀ ni ó ń sùn, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ó ń ṣe, ipò rẹ̀ láàrin ẹgbẹ́ àti ìdílé kò sì yẹ̀. Olówó kò gbọdọ̀ nà án, bẹ́ẹ̀ ni kò lè tà á. Bí ó bá jẹ́ obìnrin ni ìwọ̀fà, tí olówó fi ipá bá a lò, owó olówó gbé nìyẹn, yóò sì san ìtanràn tí ó nípọn. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a fi oyin bo ẹnu ìtàn: ọ̀pọ̀ bàbá ni ó fi ọmọ sọfà, ọmọ kékeré kò sì ní oko tirẹ̀ tí yóò padà sí lẹ́yìn ebè 100. Ilé olówó ni ó ń gbé, ibẹ̀ ni ó ti ń jí, ibẹ̀ ni ó ti ń sùn, tí ó ń fi ìgbà èwe rẹ̀ san èlé owó tí kò mọ ìgbà tí wọ́n yá a. Nígbà tí ìjọba òyìnbó sì wá fi òfin de àṣà náà, kò sí ẹni tí ọ̀ràn àwọn ọmọ wọ̀nyí yé tí yóò sọ pé ó ṣe àṣejù.

Bí onígbèsè bá wá ya olórí kunkun ńkọ́, tí a ti dá ẹjọ́ rẹ̀, tí ó jẹ̀bi, tí kò sì bìkítà? Ibẹ̀ ni ológò ti ń wọlé. Ológò kì í rán ara rẹ̀ níṣẹ́: olówó tí ó ti jàre ni yóò tọ àwọn aláṣẹ ìlú lọ, àwọn ni yóò sì yan ọkùnrin kan tí inú kì í bí bọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ, kí ó lọ dógò ti onígbèsè náà. Bí onígbèsè jí, ológò ti jókòó. Bí ó lọ sódò, ológò ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí ó dé ọjà, èébú ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Bí wọn kò bá tètè gbé oúnjẹ fún un, ó lè ki adìyẹ mọ́lẹ̀, ó lè fa ewúrẹ́ tí ó bá nínú ọgbà, kí ó pa á, kí ó sè é, kí ó jẹ ẹ́, ọrùn onígbèsè ni gbogbo rẹ̀ wà. Ẹnìkan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, nítorí ẹni tí ó lu ológò, àwọn tí ó rán an ni ó lù. Síbẹ̀ òun náà ní ààlà: ohun tí ó bá nínú ilé ni ó lè jẹ, òun ni ó lè lò, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kó ohun kan jáde.

Ẹni tí ó bá wo ọ̀ràn ológò lójú kan yóò pè é ní ìwà ìkà, bẹ́ẹ̀ ọgbọ́n ńlá ni ó wà nínú rẹ̀. Onígbèsè tí ojú ti gbó kò ka èébú sí, ṣùgbọ́n etí gbogbo agbo ilé ni ológò ń pariwo sí, nítorí agbo ilé ni ó ní agbára àtisan owó náà, òun ni ó sì ní ẹ̀tọ́ àtibá ọmọ rẹ̀ wí. Nígbà tí ariwo bá sú baálé, tí àwọn obìnrin ilé kò lè na ọwọ́ sí ìkòkò ọbẹ̀ wọn mọ́, a óò pe ìpàdé. Ẹni tí ó ní ẹgbàá yóò mú un wá, ẹni tí ó ní ẹgbẹ̀rún yóò mú un wá, ológò yóò sì gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà lọ, ọwọ́ àwọn ará ilé rẹ̀ ni onígbèsè bọ́ sí, a kì í sì í fi gbèsè sọ́rùn ṣọ̀ṣọ́ lójú irú àwọn bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà kan tún wà tí wọ́n ń pè ní èmú, òun ni ó sì burú jù, nítorí bí onígbèsè bá jẹ́ ará ìlú mìíràn tí ó kọ̀ tí kò san, ará ìlú rẹ̀ yòówù tí ó bá kọjá ni olówó lè mú tàbí kí ó gba ẹrù rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni gbèsè ẹnìkan ń di ọ̀ràn sí gbogbo ìlú lọ́rùn.

Ojú ọjọ́ yí padà nígbà tí ọkọ̀ ojú irin gba Ẹdẹ kọjá dé Òṣogbo ní 1907. Owó fàdákà ti ń gba ipò owó ẹyọ, kòkó ń gbilẹ̀ lóko, ẹni tí ó bá sì nílò owó lè ṣe lébìrà kí ó gba owó iṣẹ́ rẹ̀ láìsìn ẹnikẹ́ni. Ìgbà náà ni àwọn oníṣòwò aṣọ láti Iléṣà, tí ayé mọ̀ sí òṣómàálò, bẹ̀rẹ̀ sí tàn ká ilẹ̀ Yorùbá àti ẹ̀yìn rẹ̀. Wọn yóò gbé aṣọ sílẹ̀ fún àgbẹ̀ láwìn, wọn yóò dá ọjọ́, bí ọjọ́ bá sì pé, wọn yóò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, wọn kò ní dìde láìgba owó. Ológò ni ó tún padà wá nínú ẹ̀wù mìíràn, bí kò ṣe pé àwọn aláṣẹ ìlú kọ́ ni ó rán òṣómàálò. Àgbẹ̀ tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn kò sọfà mọ́, ṣùgbọ́n ó ń fi oko kòkó dógò, olówó yóò sì máa ká kòkó náà ní ọdọọdún gẹ́gẹ́ bí èlé, nígbà tí ojú owó yóò wà níbi tí ó wà. Nígbà tí Galletti, Baldwin àti Dina kó ìwádìí wọn lórí àwọn àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ wa jáde ní 1956, gbèsè àti oko tí a fi dógò wà lára ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ibì kan náà ni ìwọ̀fà àti oko ìdógò ti ń há mọ́ ènìyàn lọ́wọ́: iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá kò dín kọ́bọ̀ kù nínú ojú owó. Ohun tí onígbèsè ń fẹ́ ni owó tí ó tóbi lẹ́ẹ̀kan náà, èsúsú sì ni ètò tí ó lè fún un láìgba èlé. Ó pẹ́ tí èsúsú ti wà, nítorí ó wà nínú ìwé àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Samuel Ajayi Crowther tẹ̀ jáde ní 1843. Àwọn ọmọ wa tí a kó rékọjá òkun sì gbé e dé Trinidad, níbi tí wọ́n ti ń dá a títí di òní olónìí lórúkọ sou-sou. William Bascom, òyìnbó Amẹ́ríkà tí ó gbé ní Ifẹ̀, kọ nípa rẹ̀ ní 1952. Àwọn ènìyàn yóò máa dá iye kan náà, ẹnìkan yóò máa kó gbogbo rẹ̀ lọ, yóò sì máa yí ká títí yóò fi kan gbogbo wọn. Ẹni tí ológò ń bọ̀ wá bá lè bẹ olórí èsúsú kí ó jẹ́ kí òun kọ́kọ́ kó, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ́kọ́ kó ni ó pẹ́ jù lẹ́nu ìsanwó. Bí ó bá ń dá a déédé lẹ́yìn tí ọwọ́ rẹ̀ ti tẹ tirẹ̀, gbogbo ẹgbẹ́ ni ó rí i, orúkọ tí gbèsè ti bà jẹ́ a sì bẹ̀rẹ̀ sí tún padà níṣojú wọn.

Ìjọba amúnisìn náà rí agbára tí ó wà nínú ìfọwọ́sowọ́pọ̀ yìí. Òyìnbó kan tí ń jẹ́ Strickland kọ ìròyìn lórí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní 1934, òfin tẹ̀lé e ní 1935, Báńkì Alájẹṣẹ́kù sì dìde ní Ìbàdàn ní 1953. Títí di ìsinsìnyí, ẹni tí yóò yá owó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní láti kọ́kọ́ fi owó pamọ́ síbẹ̀, kí ó sì mú àwọn onígbọ̀wọ́ wá láti inú ẹgbẹ́ náà; ọ̀nà àtijọ́ ni, ìwé ni a kàn fi kún un.

Lóde òní, ẹ̀rọ ti di onígbọ̀wọ́. Nọ́ńbà BVN, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2014, so gbogbo àpò owó tí ènìyàn ní ní báńkì pọ̀. Láti 2020 ni Báńkì Àpapọ̀ sì ti gbé ètò kan kalẹ̀ tí báńkì tí a jẹ lówó lè fi yọ owó rẹ̀ nínú àpò tí onígbèsè ní ní báńkì mìíràn. Òfin 2017 lórí àkọsílẹ̀ gbèsè fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti wo ohun tí a kọ nípa rẹ̀, kí ó sì bá wọn jiyàn bí ó bá jẹ́ irọ́. Ní Amẹ́ríkà, òfin 1970 ní kí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìròyìn burúkú lórí gbèsè kúrò nínú ìwé lẹ́yìn ọdún méje, òfin 1996 sì ka gbígba owó ṣáájú iṣẹ́ léèwọ̀ fún àwọn tí ń pe ara wọn ní olùtún-orúkọ-ṣe. Níbẹ̀ náà ni Abbey Wemimo, ọmọ Èkó, àti Samir Goel ti dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní 2018, tí wọ́n sọ ní Esusu, èyí tí ń ròyìn owó ilé tí àwọn ayálégbé san déédé fún àwọn tí ń pa àkọsílẹ̀ mọ́, kí ìwà rere wọn lè hàn sí ẹni tí yóò yá wọn lówó.

Ìran kan wà láàrin wa tí ó kọ́ ìwà ológò, tí ó fi òfin ológò sílẹ̀: àwọn ayánilówó orí fóònù, tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ìtìjú ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù onígbèsè, títí FCCPC, àjọ ìjọba tí ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, fi gbé ìlànà kalẹ̀ fún wọn ní 2022. Ológò àtijọ́ kò lọ láìsí ìdájọ́, kò rán ara rẹ̀, kò sì dé ilé tí kò lọ́wọ́ nínú ọ̀ràn. Agbo ilé tí ó dà láàmú lè san owó náà, ó sì lè bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kí ni ẹni tí a bá pàdé nínú mọ́tò, tí a gba nọ́ńbà rẹ̀ nítorí iṣẹ́, fẹ́ ṣe sí gbèsè wa? Bí ìjọba bá fẹ́ fi àyè gba ológò òde òní, ààlà tí àwọn baba wa pa fún un ni kí ó pa: ìdájọ́ ṣáájú, ìwé àṣẹ lọ́wọ́, kí ó má sì kọjá ẹnu ọ̀nà onígbọ̀wọ́.

Ní ti ẹni tí gbèsè ń dà láàmú, ìmọ̀ràn tí ìtàn yìí fún un kò ṣòro. Kí ó má sá. Kí ó fúnra rẹ̀ tọ olówó lọ kí ọjọ́ tó pé, kí ó mú ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tẹ̀wọ̀n dání, kí ó sì gbé ìwọ̀nba tí ó ní sílẹ̀, kí ó rí i dájú pé inú ojú owó ni a ti yọ ọ́, kì í ṣe inú èlé nìkan. Kí ó wọ ẹgbẹ́ tí ń dá owó, kí ó máa dá a láìyẹsẹ̀. Kí ó sì béèrè àkọsílẹ̀ orúkọ rẹ̀, kí ó kà á, kí ó tako ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí ó bá san èyí tí ó kù, kí ó pe àwọn tí ó mọ̀ pé ó jẹ ẹ́ wá rí i pé ó ti san án.