Ìbéèrè Tí Kò Ní Ọjọ́ Ìdáhùn: Aṣòfin Ìgbèríko àti Owó Ìlú

Bí ìjì òjò àkọ́rọ̀ bá ṣí òrùlé ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lọ ní abúlé kan ní Òkè-Ògùn, ọ̀dọ̀ aṣòfin ẹkùn wọn ni àwọn ará abúlé máa ń gbà lọ. Aṣòfin tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ á gbé àbá lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Ìbàdàn. Á dìde, á ka “níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé” bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún, á sì parí rẹ̀ sí “kí ilé rọ ìjọba ìpínlẹ̀ láti ṣàánú àwọn ọmọ wọ̀nyí”. Ẹnì kan á kín in lẹ́yìn. Abẹnugan á bi ilé, àwọn tó fara mọ́ ọn á ké “bẹ́ẹ̀ ni”, òòlù á dún, akọ̀wé ilé á sì kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ kàn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ náà ló ń parí sí. Ìwé òfin ilẹ̀ wa kò dá ọjọ́ kankan tí iléeṣẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ fèsì, kò sì sí ìyà kan tó wà fún un bí kò bá fèsì títí sáà aṣòfin náà fi tán.

Ohun tí mo fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé aṣòfin ìgbèríko ní àwọn ìpínlẹ̀ wa kò ní irinṣẹ́ tó lè fi bi ìjọba léèrè. Ó lè rọ ìjọba, ó lè bẹ̀ ẹ́, ó lè figbe ta. Ṣùgbọ́n kò lè kọ ìbéèrè lórúkọ ara rẹ̀ kó sì di dandan fún kọmíṣánnà láti dáhùn rẹ̀ lọ́jọ́ tí gbogbo ayé mọ̀. Àwọn kan ń sọ pé àìnígboyà ló fà á, pé àwọn aṣòfin ti di ọmọ ọ̀dọ̀ gómìnà. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Síbẹ̀, bí a bá fi ẹni tó láyà jù lọ sórí àga yẹn lónìí, àbá náà ni yóò gbé wá, lẹ́tà ni yóò tẹ̀lé e, ìdákẹ́rọ́rọ́ ni yóò sì gbẹ̀yìn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ìgbèríko ju ìlú ńlá lọ. Bí afárá kan bá là ní Ìbàdàn, oníròyìn á gbé e, rédíò á sọ ọ́ láàárọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gba orí rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ á kùn, gómìnà fúnra rẹ̀ lè gba ibẹ̀ kọjá. Ta ni ń gba ọ̀nà oko tó wà láàárín Kìṣí àti àwọn ìletò rẹ̀ kọjá? Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá nínú mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tó wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló wà ní Òkè-Ògùn. Nínú ilé ìgbìmọ̀ oníjòkòó 32, ẹnì kan ṣoṣo ló ń sọ̀rọ̀ fún Ìrẹ́pọ̀ àti Ọlọ́runṣògo pa pọ̀, tó túmọ̀ sí pé Kìṣí àti Ìgbẹ́tì àti gbogbo abúlé abẹ́ wọn, ẹnu ẹnì kan ni wọ́n ní. Bí ẹnu yẹn kò bá lè mú èsì wá, kò sí òmíràn.

Nǹkan kò rí báyìí látilẹ̀wá. Nígbà tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ìjókòó lábẹ́ ìwé òfin Macpherson ní 1952, inú ilé náà gan-an ni àwọn mínísítà ń jókòó sí. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tó jẹ́ olórí ètò ìjọba nígbà náà, tó sì di Olórí Ìjọba ẹkùn náà ní 1954, aṣòfin ni. S. O. Awókọ́yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ tó gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1955 wá síwájú ilé, aṣòfin lòun náà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ nípa ilé ìwé tàbí ilé ìgboògùn àdúgbò rẹ̀, olùdáhùn kò jìnnà sí i ju ìwọ̀n àga díẹ̀ lọ. Ìlànà tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni pé ìbéèrè á gba nọ́ńbà, a ó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ètò ọjọ́ náà, mínísítà á dìde dáhùn, olùbéèrè á tún láǹfààní láti fi ìbéèrè mìíràn lé e nídìí, gbogbo rẹ̀ á sì wọ Hansard, ìwé tí wọ́n ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ ilé sí. N kò sọ pé ilé náà mọ́ tónítóní. Ilé yìí kan náà ni wọ́n ti ń ju àga lu ara wọn ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 1962, tí ìjọba àpapọ̀ fi kéde ìjọba pàjáwìrì lórí ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Ṣùgbọ́n nǹkan tó bàjẹ́ nínú ìṣèlú ìgbà náà kò sọ irinṣẹ́ tó wà nínú ilé di asán.

Àwọn ológun ti ilé pa ní 1966. Nígbà tí ìjọba alágbádá padà dé ní 1979, a ti pa ìlànà Gẹ̀ẹ́sì tì, a ti gba ti Amẹ́ríkà. Kọmíṣánnà tó rọ́pò mínísítà kì í ṣe aṣòfin, gómìnà ló yàn án. Ìwé òfin 1999 tí a ń lò lónìí sọ ní abala 108 pé kọmíṣánnà gbọ́dọ̀ wá ṣàlàyé iṣẹ́ iléeṣẹ́ rẹ̀ fún ilé bí ilé bá pè é. Ẹ kíyè sí i pé ilé ló ń pè é. Ẹnì kan ṣoṣo láti Ìgbòho tàbí Igbó-Ọrà kò lè pè é. Kí ilé tó pè é, ọ̀pọ̀ jù lọ ní láti fọwọ́ sí i, ẹgbẹ́ òṣèlú gómìnà ló sì sábà máa ń ní ọ̀pọ̀ yẹn. Ẹ̀tọ́ tó wà lọ́wọ́ aṣòfin kọ̀ọ̀kan tẹ́lẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó pọ̀ jù, ìyẹn gan-an sì lẹni tí kò ní ìdí láti bi ìjọba rẹ̀ ní nǹkan.

Ìdáhùn tí a máa ń gbọ́ ni pé bí ìjọba alààrẹ ṣe rí nìyẹn, pé ìbéèrè àti ìdáhùn jẹ́ ti ilé aṣòfin onímínísítà. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo orílẹ̀-èdè Benin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, níbi tí àwọn ará Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Ìdáìsà ti ń dìbò yan aṣòfin. Ìjọba alààrẹ ni wọ́n ń ṣe. Síbẹ̀, abala 113 ìwé òfin wọn ti 1990 sọ pé ìjọba gbọ́dọ̀ ṣe gbogbo àlàyé tí ilé bá béèrè nípa iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ka ìbéèrè alákọsílẹ̀ àti ìbéèrè àfẹnusọ mọ́ ọ̀nà tí a ó fi máa ṣọ́ ìjọba. Brazil náà, ìjọba alààrẹ ni. Abala 50 ìwé òfin wọn ti 1988 fún ilé aṣòfin méjèèjì láṣẹ láti fi ìbéèrè alákọsílẹ̀ ránṣẹ́ sí mínísítà. Bí mínísítà bá kọ̀, tàbí tí ọgbọ̀n ọjọ́ kọjá láìsí èsì, tàbí tó purọ́ nínú èsì rẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ló dá lábẹ́ òfin. Ìwé òfin nìkan kò sọ ìjọba di olóòótọ́ o. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé kò sí nǹkan kan nínú ìjọba alààrẹ tó ní kí kọmíṣánnà máa dákẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tí ìbéèrè gidi lè ṣe tí àbá kò lè ṣe. Owó àtúnṣe ilé ìwé tí mo mẹ́nu bà lókè kì í ti inú àpò kan ṣoṣo wá. Ìwé òfin, nínú àfikún kẹrin rẹ̀, fi ìjọba ìbílẹ̀ ṣe alábàáṣe ìpínlẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ ti 2004 ya ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó àpapọ̀ sọ́tọ̀ lábẹ́ àjọ UBEC, ṣùgbọ́n kí ìpínlẹ̀ tó lè fa tirẹ̀ yọ, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé owó tirẹ̀ kalẹ̀. Àjọ SUBEB ti ìpínlẹ̀ ló wá ń pinnu ilé ìwé tí iṣẹ́ kàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìlera alábọ́ọ́dé, tí òfin ìlera ti 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ ya ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ sọ́tọ̀ fún, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé ìjọba ìbílẹ̀ ló sábà máa ń gba òṣìṣẹ́ síbẹ̀. Bí apá kan bá jẹ́ ti Àbújá, tí apá kejì jẹ́ ti Ìbàdàn, tí ìkẹta jẹ́ ti káńsù, kò sí ẹni tí kò lè nawọ́ sí ẹlòmíràn.

Àbá tó ní “kí ìjọba ṣàánú” kò kan ẹnikẹ́ni nínú wọn ní pàtó. Ṣùgbọ́n ká ní aṣòfin Òrèlópè kọ ọ́ báyìí sí kọmíṣánnà ètò ẹ̀kọ́: Èló ni ìpínlẹ̀ yìí gbé kalẹ̀ fún UBEC ní ọdún mẹ́ta tó kọjá, ọjọ́ wo ló sì gbé e kalẹ̀? Èló ló fà yọ? Ilé ìwé mélòó ni SUBEB fi owó yẹn tún ṣe ní ìjọba ìbílẹ̀ Òrèlópè, kí ni orúkọ wọn? Ṣé ilé ìwé tí ìjì ṣí yìí wà nínú àkójọ tọdún yìí, bí kò bá sì sí níbẹ̀, ìlànà wo ni wọ́n fi yọ ọ́? Kò sí ẹ̀bẹ̀ kankan nínú ìwọ̀nyí. Kò sí èyí tí ẹni tó di ìwé owó mú kò lè dáhùn láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Èsì yòówù tó bá sì wá, aṣòfin á mọ àpò tí owó há sí. Bí ìpínlẹ̀ kò bá gbé owó tirẹ̀ kalẹ̀, ọ̀rọ̀ ti di ti gómìnà. Bí owó bá ti dé tí wọ́n kọ́lé síbòmíràn, ó ti di ti SUBEB.

Ohun tó gba ipò ìbéèrè lọ́wọ́ àwọn aṣòfin wa ni iṣẹ́ àkànṣe ẹkùn. Ní Àbújá, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ya ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù náírà sọ́tọ̀ lọ́dún fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ti ìpínlẹ̀ náà sì ń tẹ̀lé e bí agbára wọn ṣe mọ. Aṣòfin á gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, á pín ẹ̀rọ ìlọta àti ọ̀kadà, orúkọ rẹ̀ á wà lára ògiri. Inú mi kì í dùn sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń fẹ́ ẹ: ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ kò lè fi ìwé ìbéèrè mumi. Ṣùgbọ́n kànga tí aṣòfin gbẹ́ kò sí nínú ìwé káńsù, nítorí náà kò sí owó àtúnṣe fún un. Bí ẹ̀rọ inú rẹ̀ bá jó, kò sí òṣìṣẹ́ tó jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Aṣòfin náà kò sì ní lè bi ìjọba léèrè omi mọ́, nítorí àwọn ará ìlú ti ń bi òun gan-an. Wọ́n á pàdé rẹ̀ níbi ìnáwó, wọ́n á ní, “Ọnọrébù, kí lẹ gbé wá fún wa lọ́tẹ̀ yìí?”

Ẹnì kan lè sọ pé àwọn ìgbìmọ̀ inú ilé ń ṣe iṣẹ́ yìí. Lóòótọ́, abala 128 fún ilé láṣẹ láti ṣèwádìí ìnáwó tó bá fọwọ́ sí, abala 125 sì ní kí ìgbìmọ̀ kan yẹ ìròyìn ayẹ̀wé-owó-wò àgbà wò. Ṣùgbọ́n ìgbà ìṣúná ni iléeṣẹ́ ń wá síwájú ìgbìmọ̀, àpapọ̀ owó ni wọ́n sì ń jíròrò, orúkọ abúlé kì í wọ inú rẹ̀. Ìròyìn ayẹ̀wé-owó-wò ní tirẹ̀, lẹ́yìn tí owó ti tán ló ń dé.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni òfin òmìnira ìròyìn ti 2011. Ó fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti kọ̀wé béèrè àkọsílẹ̀ ìjọba, ó sì fún iléeṣẹ́ ní ọjọ́ méje láti fèsì. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tún là á mọ́lẹ̀ ní 2025 pé òfin náà de àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Èyí fi hàn pé olùkọ́ abúlé tó bá kọ lẹ́tà ní ọjọ́ ìdáhùn lábẹ́ òfin, àmọ́ aṣòfin tí gbogbo abúlé dìbò fún kò ní. Ó lè kọ lẹ́tà tirẹ̀ náà lábẹ́ òfin yẹn, kó sì ṣe bẹ́ẹ̀! Àmọ́ inú dúrọ́ọ̀ rẹ̀ ni èsì yóò bọ́ sí, kò ní wọ ìwé ilé, kò sì ní sí ẹni tí yóò dìde níwájú gbogbo ènìyàn láti gbèjà rẹ̀.

Ìdájọ́ tí ilé ẹjọ́ kan náà dá ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ 774 máa lọ tààrà sọ́dọ̀ wọn dípò kó gba àsùwọ̀n àjùmọ̀ní abala 162 kọjá, kò dín iṣẹ́ yìí kù. Abala 7 ṣì fi òfin ìjọba ìbílẹ̀ sọ́wọ́ ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀. Bí alága káńsù bá ń gba owó ní tààrà, a jẹ́ pé ilé gbọ́dọ̀ lè bi òun náà, kí àwọn kánsílọ̀ sì ní irú ẹ̀tọ́ yìí kan náà ní káńsù wọn. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ibi tí owó há sí lásán la yí padà.

Fífún aṣòfin kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ ìbéèrè kò sì gba àtúnṣe ìwé òfin. Abala 101 fi ìlànà ìjókòó sọ́wọ́ ilé fúnra rẹ̀. Ọ̀yọ́ tàbí Ọ̀ṣun tàbí Èkìtì lè jókòó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kí wọ́n fi ìlànà kan kún un: pé aṣòfin kọ̀ọ̀kan lè fi ìbéèrè alákọsílẹ̀ mélòó kan sílẹ̀ lóṣù, láìgba ìyọ̀ǹda ẹgbẹ́, pé iléeṣẹ́ ní ọjọ́ mọ́kànlélógún, pé bí ọjọ́ bá pé láìsí èsì, ilé ti pe kọmíṣánnà náà nìyẹn lábẹ́ abala 108, láìtún dìbò kankan, pé orúkọ iléeṣẹ́ tó jẹ gbèsè èsì á máa wà nínú ìwé ètò ilé títí yóò fi san án.

Kí èsì náà sì wà ní Yorùbá. Abala 97 gbà á láyè, ilé ìgbìmọ̀ Èkó sì ti fi Yorùbá jókòó rí ní àwọn Ọjọ́bọ̀. Bí èsì bá ní wọ́n ti gbé nọ́ọ̀sì méjì àti fìríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kan, tí rédíò ka orúkọ abúlé náà lálẹ́, àwọn ìyá ọlọ́mọ tó ń lọ gbabẹ́rẹ́ níbẹ̀ ló máa kọ́kọ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Wọ́n á pe aṣòfin wọn lórí fóònù kí ilẹ̀ tó mọ́, òun náà á sì ní ohun tí yóò fi ṣe ìbéèrè kejì.